Ìrora Ẹsẹ̀ Lẹ́nu Iṣẹ́: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Àbújá àti Òkè Ọya

Alábòójútó ilé ìtajà, Wuse, Àbújá

Àwọn tó ń gba owó àti àwọn tó ń to ọjà sórí pẹpẹ ni mò ń bójú tó. Òfin ilé ìtajà wa ni pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jókòó níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá wà nínú ilé, oníbàárà kì í sì í tán níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń ti Nyanya àti Mararaba wá, níbi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ti máa ń mú kí ènìyàn jí kí àkùkọ tó kọ, kí ó tó wá fi gbogbo ọjọ́ dúró lórí táìlì nínú bàtà pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa wọ̀.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀gá ní ọ̀lẹ ti wọ̀ wọ́n lára, nítorí pé bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ọwọ́ wọn kì í yá mọ́, owó tí wọ́n kà kì í pé, àwọn mìíràn á sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ láìtètè jáde. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà, kí wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ tó ti wú sókè fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó já fáfá jù nínú wọn sọ fún mi pé bí òun bá jí láàárọ̀, tí òun sì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ńṣe ni gìgísẹ̀ máa ń dun òun bí ẹni tẹ ìṣó, pé bí òun bá rìn díẹ̀ yóò rọlẹ̀, àmọ́ yóò tún padà dé bí òun bá ti dúró pẹ́. Dókítà ṣàlàyé fún un pé iṣan fífẹ̀ kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka, àti pé ìdúró pípẹ́ lórí ilẹ̀ líle nínú bàtà tí kò nípọn lábẹ́ ló ń ba iṣan náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá. Àga gíga lẹ́yìn káńtà, rọ́bà nínípọn tí wọn yóò máa dúró lé, àti ààyè láti wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ oníkálukú mu, bí ó bá ṣáà ti dúdú, ni mo béèrè. Mo fi kún un pé ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, òfin ti sọ ọ́ di dandan láti 2018 pé kí àwọn ilé ìtajà pèsè ibi ìjókòó fún òṣìṣẹ́ wọn, àti pé ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2021. Wọ́n gba ti rọ́bà àti ti bàtà, wọn kò tíì gba ti àga. Síbẹ̀, owó alẹ́ ti ń pé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọbìnrin tí mo sọ, tó ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, sì wà pẹ̀lú wa. N kò ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àga yìí.

Nọ́ọ̀sì, Kàdúná

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹsẹ̀ tí kò dunni ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Àtọ̀gbẹ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ibẹ̀ dáadáa, débi pé bàtà lè bó ènìyàn lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Bíríkìlà kan wá sí wọ́ọ̀dù wa pẹ̀lú egbò tó ti kẹ̀, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nínú bàtà rẹ̀, tí ó sì fi ṣiṣẹ́ di alẹ́. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó máa gbọn bàtà kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní alaalẹ́, tàbí kí ó ní kí ọmọ bá òun wò ó, kí ó má sì ṣe fi abẹ gé awọ líle. Bí ọyẹ́ bá mú kí gìgísẹ̀ sán, ẹ fi òrí pa á, àmọ́ ẹ má fi sí àárín ọmọ ìka.

Oníbàtà, Sabon Gari, Kánò

Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ra bàtà onírin tòkunbọ̀ tó há mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nítorí pé kò wọ́n, wọ́n á ní yóò fẹ̀ bó bá yá. Irin iwájú rẹ̀ kì í fẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wá ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ dìde dúró, kí ẹ sì wọ ti ẹsẹ̀ méjèèjì wò, nítorí pé ẹsẹ̀ kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ.