Mo wíìnì ìrìn àjò fọ́tò lọ sí Svalbard, lẹ́ńsì wo ni kí n gbé dání?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kámẹ́rà lò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo wíìnì ìdíje fọ́tò kan, ẹ̀bùn ẹ̀ ni pé wọ́n máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ ya béárì funfun ní Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tó wà lókè téńté níbẹ̀ yẹn, lóṣù karùn-ún. Inú mi ń dùn ṣìnkìn àfìgbà tí mo ka òfin wọn: láti 2025, tó bá ti di oṣù kẹta títí oṣù kẹfà á fi parí, 500 mítà lèèyàn gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí béárì, àwọn oṣù yòókù ló jẹ́ 300.

Lẹ́ńsì mi tó gùn jù ò ju 300mm lọ. Mo ní kí àbúrò mi lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán pápá kan, mo yà á, àfi bí èèrà! Mo sún fọ́tò ẹ̀ mọ́ra, gbogbo ẹ̀ kàn fọ́, ojú ò yàtọ̀ sí ìpàkọ́. Mo yá teleconverter 1.4x, ìyẹn nǹkan kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kó lè fa nǹkan mọ́ra sí i, ó gùn díẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ fókọ́ọ̀sì wá ń lọ ń bọ̀. Ti bátìrì ò dà mí láàmú, mo mọ̀ pé òtútù ń tètè jẹ ẹ́, àpò inú ni màá kó sípéà sí. Àwọn tó ṣètò ẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ òtútù nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ.

Mi ò lè ra 600mm, àmọ́ mo lè háyà ẹ̀. Ẹni tó bá ti ya ẹranko látọ̀nà jíjìn lórí ọkọ̀ tó ń mì rí, ṣé 600mm á gbé béárì jáde dáadáa ní 500 mítà, àbí kí n tọ́jú owó mi, kí n máa fi lẹ́ńsì kúkúrú ya òkè àti yìnyín pẹ̀lú béárì kékeré láàárín?