Ìtọ́jú ẹni tí tramadol ti di bárakú fún ní abúlé

Ọmọ Òkè-Ògùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi tó wà ní oko kan lẹ́bàá Ṣakí kò lè ṣe láìlo tramadol, oògùn apàrora yẹn, mọ́. Owó ọkọ̀ dé ilé-ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta kò sí, ẹbí sì ń tijú. Kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dá lílo oògùn náà dúró lójijì láìsí àbójútó, ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín.

Bàbá Ìbejì: Ìtìjú yẹn ló burú jù. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọpọlọ ní Aro, ti fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé ìtòsí Aro pẹ̀lú ìbátan wọn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló yẹ Òkè-Ògùn.