Ara kíki, ara kíkúnná: ìdí tí "ẹ̀mí" kò fi lè dúró fún sukshma sharira

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ ti sọ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, pàápàá àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Vedanta, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó dá lórí àwọn ìwé mímọ́ tí wọ́n ń pè ní Upanishad, gbà pé ara mẹ́ta ni èèyàn ní. Sthula sharira ni èyí tí à ń wẹ̀, tí à ń bọ́, tí wọ́n sì sábà máa ń dáná sun nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé. Sukshma sharira wà nínú rẹ̀, iná kò ràn án, òun ló ń fi òkú sílẹ̀ lọ bá ìbí mìíràn. Karana sharira ni ìkẹta, inú rẹ̀ ni àwọn méjì yòókù ti hù jáde. Láti túmọ̀ wọn sí Yorùbá, ẹ̀gbọ́n dábàá "àgọ́ ara", "ẹ̀mí" àti "orí inú". Àbúrò wa kan ní ká pe ìkejì ní "ara ìràwọ̀", ẹlòmíràn ní "òjìji", ẹlòmíràn sì ní ká fi Sanskrit sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ ká pe sukshma sharira ní ẹ̀mí. Gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn ló máa dojú rú bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, òǹkàwé Yorùbá kò sì ní mọ̀ pé ó ti dojú rú, torí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dáadáa ni a fi tàn án.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ sharira, ìyẹn "ara", fúnra rẹ̀. Àwọn olùkọ́ Vedanta máa ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń sọ nípa ohun tó ń fọ́, tó ń ṣá, tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́ sharira, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé sukshma sharira náà ń ṣá, ó sì ní òpin: ọjọ́ tí èèyàn bá rí ìdáǹdè tí wọ́n ń pè ní moksha gbà, tí ara tó rù ú sì ti kú, ara kejì yìí náà á tú ká. Kò ní ìmọ̀ kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Atman, ìyẹn ẹni tí èèyàn jẹ́ gan-an, nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lára, àwa sì ń rí ìmọ́lẹ̀ náà, a ń rò pé tirẹ̀ ni. Ilẹ̀, omi, iná, afẹ́fẹ́ àti òfuurufú ni wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe fi wọ́n ṣe ara àkọ́kọ́. Ohun èlò kan náà ni. Ta ló ń gbọ́ "ẹ̀mí" ní èdè wa tó ń ro ilẹ̀ àti omi? Olódùmarè ni Ẹlẹ́mìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń wá lẹ́yìn tí Ọbàtálá bá ti mọ ara tán, ṣọ́ọ̀ṣì sì tún ti gbé Ẹ̀mí Mímọ́ lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà ti ga ju ohun tí a fẹ́ fi rán an lọ.

Ohun tó wà nínú sukshma sharira gan-an ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé Vedantasara tí Sadananda kọ ka nǹkan mẹ́tàdínlógún. Agbára márùn-ún tí a fi ń mọ̀: ìgbọ́ràn, ìfarakàn, ìríran, ìtọ́wò, ìgbóòórùn. Agbára márùn-ún tí a fi ń ṣe: ọ̀rọ̀ sísọ, dídìmú, rírìn, yíyàgbẹ́, bíbí. Kì í ṣe etí tàbí ẹsẹ̀ tí à ń fojú rí ni wọ́n ń sọ o. Agbára tó ń gba inú etí àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, prana márùn-ún, manas tó ń rò, àti buddhi tó ń pinnu.

Prana yìí ni ẹ̀mí wa jókòó sí. Mímí ló bí ọ̀rọ̀ prana ní Sanskrit, mímí náà ló bí ẹ̀mí lọ́dọ̀ tiwa, débi tí a fi ń sọ pé ẹni tó kú gbẹ́mìí mì. Ṣùgbọ́n ẹ tún rí i pé márùn-ún ni wọ́n pín in sí: prana gan-an fún mímí, apana tó ń ti ẹ̀gbin jáde nísàlẹ̀, samana ní agbègbè ìdodo tó ń da oúnjẹ, vyana tó ń káàkiri gbogbo ara, udana tó ń lọ sókè tó sì ń ṣamọ̀nà ìjáde lọ́jọ́ ikú. Bí a bá lo "èémí" fún gbogbo wọn, kò burú. Bí a bá wá fi ẹ̀mí pe odidi ara kejì, ibo la fẹ́ fi manas àti buddhi sí? Ohun márùn-ún la fi pe mẹ́tàdínlógún yẹn.

Ní ti manas, "iyè" ni mo fọwọ́ sí. Iṣẹ́ manas, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ni kó máa rò bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́; buddhi ló ń gé ọ̀rọ̀. A ti ní "iyèméjì" nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òye wá ni buddhi. Èmi kò fẹ́ "ọkàn" fún ìkankan nínú wọn, torí ọkàn wa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, ó tún jẹ́ ẹ̀yà ara tó ń lù nínú àyà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí pé ṣé iye náà dájú. Àwọn onímọ̀ Samkhya, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Íńdíà mìíràn, kò kà á bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, méjìdínlógún ni: buddhi, ahamkara (agbára tó ń sọ pé "èmi"), manas, agbára mẹ́wàá yẹn, àti tanmatra márùn-ún, ìyẹn ohun èlò kíkúnná tó ń bí ilẹ̀, omi, iná, afẹ́fẹ́ àti òfuurufú. Wọn kò ka prana sí nǹkan ọ̀tọ̀ rárá. Ṣé ẹ rí i? Bí a bá pè é ní ẹ̀mí, a ti fi ohun tí Samkhya kò tilẹ̀ kà mọ́ ọn sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn Samkhya yìí náà ló jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mú "òjìji" wá. Nínú Samkhya Karika tí Ishvarakrishna kọ, ìwé tí Paramartha ti túmọ̀ sí èdè Ṣáínà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, ẹsẹ 40 sọ pé ara kíkúnná yìí ń rìn kiri láti ìbí dé ìbí, pé kò lè jẹ ìgbádùn kankan fúnra rẹ̀, pé ìṣesí àti ìwà ti wọ̀ ọ́ lára bí òórùn lọ́fínńdà ṣe ń wọ aṣọ. Ẹsẹ 41 wá sọ pé bí àwòrán kò ṣe lè wà láìsí ohun tí a yà á sí, bí òjìji kò ṣe lè wà láìsí òpó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró láìsí ohun tó gbé e ró. Òjìji wà nínú ìwé náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ ni wọ́n ń fi wé òjìji, wọn kò sọ pé òjìji ni. Lọ́dọ̀ wa, òjìji ń tẹ̀ lé ara lásán ni, kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Ara kíkúnná ló ń ríran, tó ń rò, tó ń pinnu, ara tó ki ló ń tẹ̀ lé e.

"Ara ìràwọ̀" ni mo kọ̀ jù lọ, kí àbúrò mi má bínú. Kò sí ìràwọ̀ kankan nínú sukshma. Ohun tó kéré, tó fíngẹ́, tó kúnná ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ìràwọ̀ tí ẹ rí yẹn, ọwọ́ àwọn òyìnbó ló ti wá, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní "astral body". Ẹgbẹ́ Theosophical Society tí Blavatsky, Olcott àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1875, tí wọ́n sì gbé olú ilé rẹ̀ lọ sí Adyar ní Madras lọ́dún 1882, ni wọ́n tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ Íńdíà. Ẹ tún wo bó ṣe yí padà lọ́wọ́ wọn: Blavatsky mú linga sharira, tó jẹ́ orúkọ mìíràn fún sukshma sharira, ó sì lò ó fún ìbejì ara kan tó ń tú ká nígbà tí òkú bá ń jẹrà. Lọ́dọ̀ àwọn Samkhya, linga sharira gan-an ni èyí tí kì í bá òkú jẹrà! Ẹni tó bá gba ojú èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ síbẹ̀ máa dé ibòmíràn. Ẹ jẹ́ ká gba Sanskrit wá tààrà.

"Orí inú" fún karana sharira ńkọ́? Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rí: àwọn kan ń kọ́ni pé inú karana sharira ni èso ìṣe ayé àtẹ̀yìnwá ń sùn sí, ẹ̀gbọ́n sì rántí àkúnlẹ̀yàn. Ṣùgbọ́n Orí ni à ń bọ. Orí ni a yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, òun ló ń gbeni ju òrìṣà lọ. Karana sharira kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń bọ; avidya ni, àìmọ̀ tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ló jẹ́ kí èèyàn máa rò pé òun ni ara òun. Gbogbo ìlàkàkà Vedanta ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìwúre sí Orí àti bíbọ́ nínú àìmọ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń mú karana sharira yé èèyàn ni oorun. Nígbà tí a lajú sílẹ̀, ara tó ki là ń lò. Nígbà tí a ń lá àlá, ara tó ki ti sùn, èyí tó kúnná ń dá iṣẹ́ ṣe. Nígbà tó bá di oorun àsùnwọra, iyè àti òye náà ti ká kò, kò sí àlá, kò sí èmi, kò sí ìwọ. Síbẹ̀, ẹni tó jí á ní, "Mo sùn gbádùn, n kò mọ nǹkan kan." Ta ló wà níbẹ̀ tó fi mọ̀ pé òun gbádùn, pé òun kò mọ nǹkan? Àìmọ̀ tó kù nílẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ìdẹ̀ra rẹ̀, ni karana sharira. Mandukya Upanishad, tí kò ju ẹsẹ méjìlá lọ, dá lórí ìpele wọ̀nyí, àti ìkẹrin tó kọjá wọn.

Ẹni tó ní "ara ìpìlẹ̀" fún un sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Taittiriya Upanishad. Bhrigu lọ bá bàbá rẹ̀, Varuna, ó ní kó kọ́ òun ní Brahman, ìyẹn òtítọ́ gíga jù lọ tó wà nídìí ohun gbogbo. Bàbá kò sọ ọ́ fún un. Ó ní kó lọ fara balẹ̀ wá a. Bhrigu lọ, ó padà wá pé oúnjẹ ni. Bàbá ní kó tún lọ. Èémí ni. Tún lọ. Iyè ni. Òye ni. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ayọ̀. Ní apá tó ṣáájú ìtàn yìí, ìwé náà ya ìpele márààrún bí ẹyẹ: orí, apá ọ̀tún, apá òsì, agbedeméjì ara, àti ìrù tó jẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹyẹ oúnjẹ wà níta, ẹyẹ èémí wà nínú rẹ̀, títí dé ẹyẹ ayọ̀. Kí wá ni ìrù ẹyẹ ayọ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀? Brahman. Ìpìlẹ̀ ti ní olówó, ẹ má fi tọrọ fún àìmọ̀. Shankara, olùkọ́ Vedanta, rọ̀ mọ́ ìrù yìí gan-an láti fi sọ pé ìpele karùn-ún, ìyẹn ayọ̀, kì í ṣe Brahman fúnra rẹ̀, pé aṣọ ìkẹyìn ni. Ramanuja, olùkọ́ Vedanta mìíràn, kò gbà, ó ní ìpele ayọ̀ yẹn gan-an ni Ọlọ́run Ọba. Nítorí náà, kí atúmọ̀ èdè wa kọ ọ́ pé àwọn ọmọlẹ́yìn Shankara ló ń so ìpele ayọ̀ pọ̀ mọ́ karana sharira.

Ohun tí mo dábàá nìyí. "Ara okùnfà" fún karana sharira, nítorí okùnfà gan-an ni karana ń jẹ́. "Ara kíkúnná" fún sukshma, "ara kíki" fún sthula. "Àgọ́ ara" dùn létí, ṣùgbọ́n àgọ́ ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; a kò lè fún ọ̀kan kí a fi méjì sílẹ̀ níta. Wọ́n tún ti bi mí léèrè ìdí tí n kò fi gba "ara àfojúrí" àti "ara àìrí". Ojú kọ́ ló pààlà. Afẹ́fẹ́ àti òfuurufú wà nínú ara tó ki náà, ojú kò sì rí wọn. Àdàlù ló pààlà: wọ́n ní ohun èlò kọ̀ọ̀kan tó bá di kíki jẹ́ 1/2 tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àti 1/8 láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rin yòókù. Èyí tí a kò tíì dà lù ló kúnná. Ẹni tó bá ti jọ èlùbọ́ rí mọ̀ pé ohun kan náà ló gba ojú ajọ̀ kọjá àti èyí tó kù sókè. Kíkúnná nìkan ni ìyàtọ̀. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yìí fi dára ju ẹ̀mí lọ.

Ní ti àwọn ìpele márùn-ún, tí àwọn olùkọ́ tó tẹ̀ lé Upanishad ń pè ní kosha, "àkọ̀" ni kó jẹ́, bí àkọ̀ idà: àkọ̀ oúnjẹ ni ara kíki, àkọ̀ èémí, àkọ̀ iyè àti àkọ̀ òye ló para pọ̀ jẹ́ ara kíkúnná, àkọ̀ ayọ̀ ni ara okùnfà. Atman àti Brahman ni kí a fi sílẹ̀ ní Sanskrit, mo fara mọ́ ẹni tó ní ká fi Sanskrit sílẹ̀ lórí ìyẹn.

Ó ku ahamkara, n kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. "Ìgbéraga" kò bá a mu, "ìmọtara-ẹni-nìkan" náà kò bá a mu, torí kì í ṣe ìwà burúkú. Agbára tó ń sọ pé "èmi" ni, ọmọ ọwọ́ pàápàá ní in. "Ìjẹ́-èmi" ni mo ń lò fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí chakra (ojúkò agbára nínú ara kíkúnná) àti nadi (ọ̀nà tí prana ń gbà) lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.