Báwo ni mo ṣe lè bi í nípa ọtí láì dá a lẹ́bi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi. Ilé ìlera alábọ́dé kan n'Ìbàdàn ni mo wà. Obìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ wa, lónìí ojú wíwú, lọ́la ara bíbó. Ní ìgbà kẹta ló tó jẹ́wọ́ pé ọkọ òun ni. Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbóòórùn páragà lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ kùtù.

Mo fẹ́ lo AUDIT, ìbéèrè 10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí máàkì 8 sókè ń fi hàn pé ọtí ti ń di wàhálà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ń béèrè iye ife. Páragà tí oníkálukú ń pò bó ṣe wù ú, báwo la ṣe fẹ́ ka ife rẹ̀? Ìkẹwàá ń béèrè bóyá ẹbí ti ń kọminú sí ọtí rẹ̀. Ọkọ tó ń lù ú gan-an ló ń pè é ní ọ̀mùtí káàkiri àdúgbò! Ṣé kí n ka tiẹ̀ mọ́ ọn?

Ó ní òun ń mu ún kí òun lè rí oorun sùn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n sọ fún un pé kó jáwọ́ lójijì, gìrì lè gbé ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára.)

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni káàdì rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ ọtí síbẹ̀ tí ọkọ rí i, ó lè fi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìta yàrá wa ló máa ń jókòó dè é. Kí lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè, lílù ni àbí ọtí? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa padà wá.