Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi ọmọ ọdún 15 fẹ́ wo Extracurricular

Ìyá Ọlọ́mọge: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn eré Kòríà gan-an, mi ò sì bá a jà, torí èmi náà máa ń jókòó tì í wò ó. Ṣùgbọ́n Extracurricular ló ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ti wò ó tán, òun nìkan ló kù. Mo ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra mi, àyà mi sì já.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, Oh Ji-soo. Ọmọ jẹ́jẹ́, ó mọ̀wé, kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ìyá rẹ̀ ti lọ, bàbá rẹ̀ ò gbélé, òun nìkan ló ń dá gbé, akàn kékeré kan tó ń gbé inú ìkarahun ló ń sìn. Owó yunifásítì ló ń wá. Bó ṣe ń wá a ni pé ó ń ti orí fóònù darí ẹ̀ṣọ́ fún àwọn obìnrin tó ń fi ara ṣòwò. Bí oníbàárà bá fẹ́ ṣe wọ́n léṣe, á rán géńdé lọ gbà wọ́n sílẹ̀, á sì gba tirẹ̀ nínú owó wọn. Ó ń yí ohùn rẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ ilé ìwé ni ọ̀gá. Èyí tó dùn mí wọra ni ti Seo Min-hee. Ọmọ kíláàsì Ji-soo ni, òun náà wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì mọ ẹni tó ń jẹ lórí òun.

Ṣé kí n kọ̀ jálẹ̀ ni? Bí mo bá kọ̀, mo mọ̀ pé fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa fi wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì: Má jẹ́ kó wò ó. Àwọn ará Kòríà fúnra wọn kọ 18 sí i lára. Bí àwọn tó ni eré bá ní kò yẹ fún ọmọ ọdún 15, kí la tún ń jiyàn lé lórí?

Olólùfẹ́ Eré Kòríà: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, mà. Èmi kọ́ ni màá sọ bí ẹ ṣe máa tọ́ ọmọ yín, ṣùgbọ́n mo wo apá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà níwájú. Eré náà ò ṣe ìwà ọ̀daràn lọ́ṣọ̀ọ́. Gbogbo ohun tí Ji-soo ń ṣe láti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń tì í sínú ọ̀fìn. Bàbá rẹ̀ ló tún kó owó tó fi pamọ́ sá lọ. Ẹ wo Bae Gyu-ri náà, ọmọ kíláàsì Ji-soo (Park Ju-hyun tó ṣe é gba ẹ̀bùn òṣèré tuntun ní Baeksang, ayẹyẹ ẹ̀bùn ńlá fún àwọn òṣèré Kòríà, lọ́dún 2021). Olówó làwọn òbí rẹ̀, iléeṣẹ́ àwọn òṣèré ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti to ayé rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò rí ibi mí sí. Nígbà tó mọ àṣírí Ji-soo, dípò kó sá, ṣe ló ní kí wọ́n jọ máa ṣe é. Ẹni tó bá ń sọ pé òṣì nìkan ló ń ti ọmọ sí ìwà ọ̀daràn, kó wo ọmọ yìí dáadáa.

Ohun tó wá jẹ́ kí eré náà mú àwọn ará Kòríà lára ni ìgbà tó jáde. 29 oṣù kẹrin 2020 ni. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cho Ju-bin. Ìpolówó iṣẹ́ olówó gọbọi ló fi ń tan àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdébìnrin. Tó bá ti gba orúkọ, àdírẹ́sì àti fọ́tò wọn, ìhàlẹ̀ ló kù: ẹ ṣe fídíò báyìí, tàbí kí n fi yín han ẹbí yín. Orí Telegram ló ti ń ta àwọn fídíò náà. Àwọn tó hùwà ibi sí lé ní 70, àwọn ọmọ tí ò tíì pé 18 sì wà nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 42 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fọwọ́ sí fún un ní 2021. Wọ́n ti ya eré yìí tán kí ọ̀rọ̀ náà tó bú jáde, àmọ́ kò sí ẹni tó wò ó tí kò rántí.

Agbẹjọ́rò Àdúgbò: Kí n fi díẹ̀ kún un. Lófin Kòríà, ọmọ tó bá ti pé 14 lè jẹ́jọ́ ọ̀daràn. Àwọn tó wà láàárín 10 sí 13, ilé ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń pinnu ibi tí wọ́n máa gbé wọn sí, wọn kì í fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Juvenile Justice, eré Kòríà mìíràn tó jáde ní 2022, dá lé ọ̀rọ̀ yìí, Kim Hye-soo ló ṣe adájọ́ ibẹ̀. Òun náà kì í ṣe eré ọmọdé o. Pípa ọmọ kékeré ni ẹjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ìyá Ọlọ́mọge, mo ti wo eré náà pẹ̀lú ọmọ mi tó wà ní yunifásítì. Olùkọ́ kíláàsì Ji-soo kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rí i pé ọmọ náà ò lọ́rẹ̀ẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n máàkì ọmọ náà dáa, ìyẹn sì bo ohun púpọ̀ lójú rẹ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀ dunjú nínú iṣẹ́ wa: aláriwo là ń pè sí ọ́fíìsì, ẹni tó dákẹ́ là ń yìn.

Ẹ tún wo Lee Wang-chul, géńdé tí Ji-soo ń rán níṣẹ́ yẹn. Òun ni àgbàlagbà tó ń dáhùn ìpè àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lóru. Òbí ò gbọ́, ilé ìwé ò gbọ́, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti jà ló ń gbọ́. Mi ò tíì bọ́ nínú ìyẹn.

Ọmọ ọdún 15 ti kéré jù fún ìran lílù àti ìtajẹ̀sílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ má kàn sọ pé "mo ní rárá ni". Ẹ wo gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ sọ ìtàn náà fún un látòkè délẹ̀, kó lè béèrè ìbéèrè tó bá fẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì: Èyí tí Olùkọ́ sọ yìí, mo gbà á. Sọ ti iṣẹ́ olówó gọbọi yẹn fún un lónìí, má dúró de eré kankan. Ìyẹn ò kan Kòríà nìkan.

Ìyá Ọlọ́mọge: Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti sọ fún un pé kò tíì tó àkókò, mo sì ṣàlàyé ìdí. Ó fajú ro, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débi ọ̀rọ̀ Telegram, ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹnì kan tí òun ò mọ̀ rí ti fi iṣẹ́ gbígbé aṣọ wọ̀ ya fọ́tò lọ òun àti ọ̀rẹ́ òun, pé kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn ò tíì fi ránṣẹ́, Ọlọ́run ṣeun. Mo ti pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe sí nọ́ńbà ẹni yẹn? Ṣé ká dí i pa ni, àbí ká kọ́kọ́ tọ́jú àwọn ohun tó kọ?

Agbẹjọ́rò Àdúgbò: Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tó kọ, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ dí i pa. Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ dá a lóhùn mọ́. Ẹ kó o lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ̀yin ìyá méjèèjì jọ lọ.