Aníkúlápó: Sàró ló jẹ̀bi ni àbí Arólákẹ́? Ẹ tún sọ èyí tẹ́ ẹ wò nílé

Ọmọ Ìkirè
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Òjò ò jẹ́ ká jáde lópin ọ̀sẹ̀ yìí, lèmi àti màámi àti àbúrò mi obìnrin bá jókòó ti Netflix, a tún Aníkúlápó wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì lé ní wákàtí méjì dáadáa. Mo ti wò ó nígbà tó jáde ní 2022, àmọ́ kéèyàn bá màmá ẹ̀ wò ó, ọ̀tọ̀ ni. Aṣọ òfì tó wà níbẹ̀ dùn ún wò, torí Sàró fúnra ẹ̀, ahunṣọ ni, Gbọ̀ngán ló ti wá wáṣẹ́ wá sí Ọ̀yọ́. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tó ṣe Awarun tiẹ̀ tún ga, tó bá ti wo èèyàn tẹ̀gàntẹ̀gàn báyìí o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀.

Ibi tó dìjà nílé wa rèé. Wọ́n lu Sàró pa torí Arólákẹ́, ìyàwó ọba, ẹyẹ Àkàlà wá jí i, Arólákẹ́ ló lé ẹyẹ yẹn tó fi rí àdó tí wọ́n fi ń jí òkú gbà. Obìnrin tó fi ààfin sílẹ̀ nítorí ẹ nìyẹn o. Owó wá dé, bọ̀dá gbàgbé ẹ, ó ń fẹ́ tibí ó ń fẹ́ tọ̀hún, títí tó fi ní àfi kí wọ́n fóun lọ́mọ ọba kóun tó jí àrẹ̀mọ tó kú. Ni Arólákẹ́ bá da ohun tó wà nínú àdó nù, ó bá tiẹ̀ lọ. Màámi ní ohun tó tọ́ sí i ló rí he. Èmi ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn, àrẹ̀mọ tó kú ò ṣẹ̀ ẹ́, ì bá jẹ́ kí wọ́n jí ọmọ ọlọ́mọ ná. Kí lẹ rí sí i? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún dárúkọ òmíì tá a lè wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màámi ò fẹ́ èyí tí wọ́n á máa yìnbọn ṣáá.

Ìyá Ìbejì
Ẹ bá mi kí màmá yín gan-an ni, ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Òkú wà ńlẹ̀, ìyá ẹ̀ ń sunkún, ìwọ wá ń sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó! Sàró ti ń tajà nígbà yẹn, àánú kọ́ ló ń ṣe é mọ́. Tí Arólákẹ́ bá fi àdó yẹn sílẹ̀ fún un, ta ló mọ ohun tí ì bá tún bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàn? Èyí tó dùn mí jù ni pé obìnrin yẹn ò rọ́mọ bí, gbogbo èèyàn ń gba òkú wọn padà láàyè nílé ẹ̀, òun ń wò wọ́n. Bímbọ́ Adémóyè tó ṣe Arólákẹ́ ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀ àmọ́ gbogbo ẹ̀ hàn lójú ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní sí fíìmù yẹn ni ibi tí wọ́n ti ń bára wọn sùn, rìmóòtù ò gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín tọ́mọdé bá wà nítòsí.

Àyánwálé
Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé tìtorí màmá ni, ẹ wá Ṣaworoidẹ. Túndé Kèlání ló ṣe é ní 1999, ọdún táwọn ṣọ́jà gbéjọba sílẹ̀ gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Kúnlé Afọláyan tó ṣe Aníkúlápó yìí wà níbẹ̀ o, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà yẹn, òun ni Arẹ́sẹ̀jábàtá. Ọba ìlú Jogbo inú fíìmù náà gbọ́dọ̀ búra, kó gba gbẹ́rẹ́, kó tó dé adé idẹ, Lápìtẹ́ ò gbà, ó fẹ́ jọba kó lè máa kówó àwọn agégi jẹ ni. Lágátà tó jẹ́ ṣọ́jà wá gba ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé adé lé orí láì ṣe nǹkan kan, wọ́n bá lu ìlù ṣaworoidẹ. Ẹ fara balẹ̀ wo ibẹ̀ yẹn, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ìbọn ò sì lè ṣe ìlù ní nǹkan kan. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, kò sí fíìmù tó tíì fọ̀wọ̀ wọ ìlù tó bẹ́ẹ̀ lójú mi. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ogun tí wọ́n ń ṣe báyìí, orin òyìnbó ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀, o ò ní gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Bàbá Adébáyọ̀ Fálétí tún wà níbẹ̀, àwọn ni Bàbá Ọ̀pálábá, Yorùbá ẹnu wọn nìkan tó fún màmá yín.

Ṣadé Lọ́ńdọ̀nù
Ẹlẹ́ṣin Ọba lèmi àtàwọn ọmọ mi wò. Ọmọ mi obìnrin gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, subtitle ló ń kà. Eré Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lọ́yọ̀ọ́ sì ni bàbá yẹn gbé eré náà lé: ọba wàjà, Ẹlẹ́ṣin ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kú tẹ̀lé e. Bíyì Bándélé tó darí ẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ 2022 kó tó jáde, ó dùn mí gan-an. Àwọn tó mọ Ọdúnladé Adékọ́lá sí ẹlẹ́rìn-ín nìkan, ẹ lọ wò ó bó ṣe ń jó wọ ọjà tí Olóhùn-iyọ̀ ń kì í, ara mi bù máṣọ. Àfi pé wọ́n sáré parí ẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ péré, ibi tí Ọlúńdé ti kú dípò bàbá ẹ̀ yẹn ò tíì jinná tí wọ́n fi lọ. Ọmọ mi ní kí ló dé tí Ọlúńdé ò padà sílùú òyìnbó, ṣebí ibẹ̀ ló ti ń kàwé, a sọ ọ́ títí a fi sùn. Èmi ò tiẹ̀ di ẹ̀bi ru òyìnbó tó mú Ẹlẹ́ṣin mọ́lé nìkan o, ẹni tó mọ̀ pé alẹ́ òní lòun ń lọ, kí ló ń gbé ìyàwó tuntun fún?

Akin
Jagun Jagun ẹ jọ̀ọ́! Kò síbọn níbẹ̀ o, idà àti oògùn ni. Gbọ́tìjà tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu yẹn, Lateef Adédiméjì tó ṣe é ṣe bẹbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ ṣá, ẹ bi màmá léèrè ná.

Ọmọ Ìkirè
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún màámi, inú wọn dùn débi pé wọ́n ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi o, àrẹ̀mọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣadé, ẹ̀rù Ẹlẹ́ṣin Ọba ń bà mí, màámi ò fẹ́ fíìmù tí ọmọ ti ń ṣáájú bàbá kú. Ṣaworoidẹ la máa wò. Àyánwálé, ṣé òun ló ṣáájú ni àbí Agogo Èèwọ̀?

Àyánwálé
Ṣaworoidẹ ló ṣáájú. Agogo Èèwọ̀ jáde ní 2002, Jogbo kan náà ni, ẹ má fi ìkejì ṣe àkọ́kọ́, ẹ ò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń múra sí ọ̀rọ̀ ìbúra tó bẹ́ẹ̀.