Kẹ̀kẹ́ tiwa lára ọkọ̀ iléeṣẹ́: ta ni yóò san án bí ó bá bàjẹ́?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ ni mò ń wà, mo sì fẹ́ máa fi irin ìgbékẹ̀kẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì méjì sẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ti ṣe é rí, kí sì ni àwọn adójútòfò sọ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀?

—

Èmi ti ṣe é. Ọkọ̀ kan kọ lù mí láti ẹ̀yìn níbi tí mo dúró sí. Àwọn adójútòfò iléeṣẹ́ wa tún ọkọ̀ ṣe láìjiyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ara ọkọ̀, nítorí náà kò sí nínú àdéhùn tí ọ̀gá mi bá wọn ṣe.

—

Kò yé mi o. Ṣebí adójútòfò ẹni tó jẹ̀bi ló yẹ kó san owó kẹ̀kẹ́ yín?

—

Òun náà ló san án nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ lu ògiri ńkọ́?

—

Tírélà kékeré ni mo máa ń so mọ́ ọkọ̀ iléeṣẹ́ wa. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lára ọkọ̀, àdéhùn wa ń san ohun tó bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tírélà fúnra rẹ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bí mo bá sì tú u sílẹ̀ tó yí lọ gbá ẹnìkan, ọrùn mi ni ẹjọ́ náà wà.

—

Ẹnu lásán ni ọ̀gá mi fi gbà kí n de irin ìfà, èyí tí a ń so tírélà tàbí irin ìgbékẹ̀kẹ́ mọ́, mọ́ ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dá ọkọ̀ padà, ọ̀gá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó yá iléeṣẹ́ wa ní ọkọ̀ sì ní kí n san owó ojú ihò tí wọ́n lu. Ó ṣì ń dùn mí.

—

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ọkọ̀, kò ní bo nọ́ńbà àti iná ẹ̀yìn.

—

Orí ọkọ̀ kẹ̀? Mo gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ wà lókè, mo wọ abẹ́ irin ìdènà ibùdókọ̀ kan, òrùlé ọkọ̀ sì tẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́!

—

Ẹ wo ìwọ̀n náà o. Bí irin ìfà yín kò bá lè gbé ju kìlógírámù 75 lọ, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25, pẹ̀lú irin ìgbékẹ̀kẹ́ tó jẹ́ 18, ti di 68. Ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó gbé wọn.

—

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀, mo sì ti béèrè lọ́wọ́ adójútòfò ilé mi bóyá kẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ ààbò wọn bí ó bá kúrò nílé. Wọ́n ní ó wà, bí mo bá ti kọ́kọ́ forúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.